Ríra Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ ní Gbànjo Àwọn Dílà: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ilé-iṣẹ́ Aṣojú Kan ní Ògbà

Ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò níhìn-ín kò ní ọgbà tí ó kó ọkọ̀ sí. Ọ́fíìsì kékeré kan ni ó ní lókè ilé alájà méjì ní Ògbà, iṣẹ́ tí ó sì ń ṣe ni láti bá ẹni tí kì í ṣe dílà ra ọkọ̀ àlòkù ní àwọn ibi gbànjo tí ó wà fún àwọn dílà nìkan ní Amẹ́ríkà, kí ó bá a gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ó sì fà á lé e lọ́wọ́ ní Èkó. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn tí mo fẹ́ fi kàn án, àti nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ láti Ìkẹjà títí dé Súrùlérè tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà bákan náà. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ra Toyota Corolla ọdún 2015 ní ọdún 2024. Mo fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe dáadáa, ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó, àti bóyá owó tí wọ́n ní oníbàárà yóò fi pamọ́ wà níbẹ̀ ní tòótọ́.

Owó náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fara pamọ́ sí ibi tí àwọn tí ń polówó irú iṣẹ́ yìí kì í tọ́ka sí. Iye tí wọ́n lu ọkọ̀ ní gbànjo ni wọ́n máa ń fi fa ojú ènìyàn mọ́ra, nítorí pé ó máa ń kéré jọjọ tí a bá fi wé iye tí irú ọkọ̀ kan náà ń lọ ní ọjà wa. Lójú tèmi, ohun tí ó ń dín ìnáwó kù jù ni pé ènìyàn lè mọ ohun tí ó wà lára ọkọ̀ kí ó tó kúrò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní àkókò tí ó ṣì ṣeé ṣe láti fẹjọ́ sùn kí wọ́n sì dá owó padà. Aṣojú tí kò bá lo àǹfààní yẹn kò ṣe ohunkóhun fún oníbàárà rẹ̀ ju ohun tí dílà tí ó to ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní Berger lọ́nà Apapa sí Òṣòdì lè ṣe fún un.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya irú gbànjo méjì sọ́tọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó ń pa wọ́n pọ̀, àwọn aṣojú kan sì ń jàǹfààní ìdàrúdàpọ̀ náà. Ọ̀kan ni ti ọkọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń tà lẹ́yìn ìjàǹbá, ìkún omi tàbí olè jíjà. Copart, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní ọdún 1982, àti IAA ni ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ ti rún wómúwómú, tí àwọn panẹ́lì bítà wa yóò wá fi ẹ̀yà ara ọkọ̀ mìíràn tún ṣe ní Mushin, ibẹ̀ ni ó sábà máa ń ti wá. Èkejì ni gbànjo àwọn dílà gan-an, irú èyí tí Manheim ń ṣe, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Manheim ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ọdún 1945. Níbẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi ọkọ̀ háyà, àwọn báńkì tí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò san gbèsè, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ọkọ̀ wọn padà wálé lẹ́yìn tí àdéhùn ọdún mélòó kan parí, àti àwọn dílà tí wọ́n gba ọkọ̀ àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ra tuntun, ti ń ta ọkọ̀ fún àwọn dílà ẹlẹgbẹ́ wọn. Ọkọ̀ ibẹ̀ kò mọ́ tónítóní ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni ó ṣì ń rìn, tí ara rẹ̀ sì pé. Bí aṣojú bá sọ pé òun ń ra ọkọ̀ ní gbànjo, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a bi í ni pé, gbànjo wo? Àwọn ará Ògbà wọ̀nyí dáhùn ìbéèrè náà tààrà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé àwọn kò ní ra ọkọ̀ tí ìwé táítù rẹ̀, ìyẹn ìwé tí ń sọ ẹni tí ó ni ọkọ̀, fi hàn pé adójútòfò ti pa á tì. Mo fún wọn ní máàkì rere níbẹ̀.

Ẹni lásán kò lè wọ gbànjo bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń fún dílà ní láísẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò bá ní in kò lè fi owó lé owó, yálà ó wà nínú gbọ̀ngàn tí ọkọ̀ ń gbà kọjá ni o, tàbí ó jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, gbogbo ilé-iṣẹ́ aṣojú tí ó wà ní Èkó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ láísẹ́ǹsì dílà kan lọ́hùn-ún, orúkọ dílà náà ni yóò sì wà lórí ìwé tí gbànjo bá gbé jáde. Ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀, ẹ sì wo ìwé láísẹ́ǹsì náà, nítorí pé bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, òun nìkan ni ilé gbànjo mọ̀; wọn kò mọ ẹni tí ó san owó ní Ògbà. Wọ́n fi ìwé náà hàn mí láìjanpata.

Ohun tí ó wú mi lórí jù lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ṣàlàyé àwọn iná. Ní Manheim, bí ọkọ̀ bá dé iwájú olùlù, wọ́n máa ń tan iná tí ó ń sọ irú ẹ̀rí tí ẹni tí ń ta ọkọ̀ náà gbé sílẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ọkọ̀ náà ń ṣiṣẹ́, àti pé ẹni tí ó rà á lè fẹjọ́ sùn bí àlébù ńlá tí wọn kò kéde bá yọjú. Iná aláwọ̀ ìyeyè túmọ̀ sí pé wọ́n ti kéde àwọn àlébù kan, ẹni tí ó bá sì rà á kò lè padà wá pariwo nítorí wọn. Iná pupa ni ti ọkọ̀ tí a rà bí ó ṣe wà, ire ni o, ibi ni o. Iná aláwọ̀ búlúù ń sọ pé ìwé táítù ọkọ̀ náà kò tíì sí nílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ oníná pupa ni iye wọn máa ń kéré jù, àwọn ni àwọn aṣojú tí kò bìkítà sì máa ń lọ rà, nítorí pé iye kékeré náà dùn ún fi polówó. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ mi ní ọ́fíìsì náà sọ fún mi pé oníná aláwọ̀ ewé nìkan ni àwọn ń rà fún ẹni tí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó fẹ́ rà. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Dílà tí ó ra ogún ọkọ̀ lè fi èrè mọ́kàndínlógún wo àdánù ẹyọ kan sàn. Ẹni tí ó ra ẹyọ kan kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Owó iṣẹ́ tiwọn kò yí padà, iye yòówù kí wọ́n ra ọkọ̀ náà. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Àwọn aṣojú kan máa ń gba ìdá kan nínú iye tí wọ́n lu ọkọ̀, èyí sì túmọ̀ sí pé bí owó bá ṣe ń gòkè ni èrè tiwọn náà ń gòkè, kò sì sí ìdí kankan tí wọn yóò fi fẹ́ kí oníbàárà ra ọjà ní ẹ̀dínwó. Níhìn-ín, a jọ fi ẹnu kò sí gbèdéke kan, mo san owó ìdánilójú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ọkọ̀ tí ó bá ohun tí mo fẹ́ mu ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò wọn. Ní ọjọ́ tí gbànjo bá ń lọ, ọ̀dọ́mọbìnrin náà máa ń wà lórí fóònù pẹ̀lú mi. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n fi ń lu ọkọ̀ kan, kò sì sí àyè fún ìrònú gígùn. Ọkọ̀ kan wà tí ọkàn mi fà sí gidigidi, aláwọ̀ eérú, tí máìlì tí ó ti rìn kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń fi owó lé e.

"Ẹ má bínú, sà, ó ti kọjá ibi tí ẹ ní kí a dúró," ó wí. "Ṣé kí a fi í sílẹ̀?"

Mo ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi."

Ó fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì gbìyànjú láti yí mi lérò padà. Mo mọ àwọn tí aṣojú mìíràn ti fi ìkánjú tì kọjá ohun tí agbára wọn ká, tí wọ́n sì ń sọ fún wọn pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní yọjú mọ́. Corolla kì í wọ́n ní Amẹ́ríkà. Òmíràn yóò yọjú ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀.

Èyí tí a rí rà níkẹyìn wá láti Pennsylvania. Ó dára kí a wo ìpínlẹ̀ tí ọkọ̀ ti wá dáadáa, nítorí pé ojú ọjọ́ ibẹ̀ ni yóò sọ irú àrùn tí ó ṣeé ṣe kí ó ní. Ní àwọn ìpínlẹ̀ àríwá, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ojú títì nígbà tí yìnyín bá bọ́, iyọ̀ náà sì ń mú kí abẹ́ ọkọ̀ dípẹtà. Ní Florida, Texas àti Louisiana, ìkún omi ni ó yẹ kí a bẹ̀rù, pàápàá lẹ́yìn ìjì ńlá bíi Harvey ti ọdún 2017 àti Ian ti ọdún 2022. Ìdípẹtà ṣeé rí bí ènìyàn bá wo àwòrán abẹ́ ọkọ̀. Omi ni ó le jù láti mọ̀, nítorí pé wọ́n lè fọ inú ọkọ̀ mọ́, kí wọ́n pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí wáyà abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù sì máa jẹrà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí àìsàn náà tó hàn. Nítorí èyí ni mo fi kọ gbogbo ọkọ̀ tí ó wá láti etíkun gúúsù, wọn kò sì bá mi jiyàn.

Kí wọ́n tó fi owó lé e, wọ́n fi nọ́ńbà VIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni ó máa ń jẹ́. Ti tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, tí ó túmọ̀ sí pé Kánádà ni wọ́n ti ṣe é, lẹ́tà kẹwàá rẹ̀ sì jẹ́ F, tí ó dúró fún ọdún 2015. Èyí wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ra ọkọ̀ ní Èkó, yálà ní gbànjo tàbí ní ẹ̀gbẹ́ títì: bí ẹni tí ń ta ọkọ̀ bá ní ọdún 2017 ni, lẹ́tà kẹwàá ní láti jẹ́ H, kò sì sí àwíjàre tí ó lè yí i padà. Mo san owó fún ìwé ìtàn ọkọ̀ náà lọ́dọ̀ Carfax, mo sì fi VIN náà wo ibi tí ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ààbò ojú pópó, NHTSA, ti ń fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ní kí wọ́n dá a padà wá fún àtúnṣe kan tí wọn kò tíì ṣe. Ìwé ìtàn dára, àmọ́ ìjàǹbá tí ẹnikẹ́ni kò fi tó adójútòfò tàbí ọlọ́pàá létí kò ní sí nínú rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ìdí nìyí tí ohun tí ó kàn fi ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá lu ọkọ̀ tán, ẹni tí ó rà á lè san owó kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé gbànjo tún yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ́ńjìnì, jíà, férémù, gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá rí àlébù ńlá tí wọn kò kéde, ilé gbànjo lè fagi lé títà náà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni àǹfààní yìí ní, kò sì sí bí ọkọ̀ ṣe lè dé Èkó kí ọjọ́ náà tó pé. Ọkọ̀ tí ó bá ti wọ inú ọkọ̀ ojú omi ti di tẹni tí ó rà á, pẹ̀lú gbogbo àìsàn tí ó wà lára rẹ̀. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ tí wọ́n gba irú ọ̀nà yìí ra ọkọ̀ tí aṣojú wọn kò sì sọ fún wọn rárá pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ wà, bóyá nítorí owó rẹ̀, bóyá nítorí pé títà tí wọ́n bá fagi lé yóò dá iṣẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ògbà fi í sínú iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ tí ó jáde. Ó sọ pé báńpà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti gba ọ̀dà tuntun, àti pé táyà méjì iwájú ti ń jẹ tán. Jíà CVT rẹ̀, irú jíà aládàáṣiṣẹ́ kan tí ń lo bẹ́líìtì, tí ó jẹ́ ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù nítorí pé àtúnṣe rẹ̀ wọ́n púpọ̀ ní Èkó, kò ní àbùkù. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá aṣojú kan yẹ ní ẹni tí à ń gbé owó fún, kí ó bi í ní ìbéèrè kan yìí: ṣé ẹ máa ń sanwó fún àyẹ̀wò lẹ́yìn gbànjo? Ìdáhùn rẹ̀ tó ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kù. Lórí iye tí wọ́n lu ọkọ̀ ni owó tí ilé gbànjo ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á yóò gùn, ó sì ń pọ̀ bí iye ọkọ̀ bá ṣe pọ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni owó tírélà tí yóò gbé e láti ilé gbànjo dé èbúté, owó ọkọ̀ ojú omi, owó dílà tí ó ni láísẹ́ǹsì, àti owó iṣẹ́ aṣojú. Baltimore ni ó yẹ kí tèmi ti gbéra, nítorí pé ibẹ̀ ni ó súnmọ́ Pennsylvania, ó sì jẹ́ èbúté ńlá fún ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26, oṣù kẹta, ọdún 2024, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Dali kọlu afárá Francis Scott Key, afárá náà wó, ọ̀nà omi sí èbúté náà sì dí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Wọ́n gbé tèmi lọ sí New Jersey, owó tírélà sì lé sí i. Wọ́n sọ fún mi kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n fi ìwé owó tírélà méjèèjì hàn mí, mo sì gbà pé kò sí ẹ̀bi wọn níbẹ̀.

Owó bodè ni ó ń pa ìpolówó rẹ́. Ní ọdún tí mo ra ọkọ̀ yìí, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó bodè lórí ọkọ̀ àlòkù, ìdá 15 sì tún wà lórí rẹ̀ fún owó ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ṣíṣe ọkọ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn èyí ni owó orí ọjà (VAT) tí ó jẹ́ ìdá 7.5. Ká ní àwọn aṣọ́bodè sọ pé iye ọkọ̀ kan pẹ̀lú owó ìgbéwọlé rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 10 náírà. Mílíọ̀nù 2 ni owó bodè, mílíọ̀nù 1.5 ni owó ìgbìmọ̀, owó orí ọjà tí wọn yóò gbé ka orí gbogbo rẹ̀ yóò sì lé ní mílíọ̀nù 1. Ó ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ náà nìyẹn, láìtíì ka àwọn owó kéékèèké mìíràn, owó èbúté, àti ti ejẹ́ńtì tí ó bá ni gba ẹrù jáde. Nọ́ńbà VIN ni àwọn aṣọ́bodè fi ń wá iye ọkọ̀, nítorí náà, pé ènìyàn rà á ní ẹ̀dínwó ní gbànjo kò túmọ̀ sí pé owó bodè rẹ̀ yóò dín kù. Ní dọ́là ni wọ́n tún ń ṣírò iye náà kí wọ́n tó sọ ọ́ di náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún 2024, iye tí wọ́n fi ń ṣírò dọ́là kan fò láti nǹkan bí náírà 952 sí nǹkan bí 1,356 lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí ọkọ̀ wọn wà lójú omi nígbà náà kò sì ní ibi tí wọn yóò sá sí. Mo gbóríyìn fún ilé-iṣẹ́ yìí pé wọ́n kọ owó bodè sí ìlà tirẹ̀ nínú ìwé ìṣirò wọn, tí wọ́n sì kọ ọ́ gbangba pé ó lè yí padà. Àwọn tí ń dárúkọ iye kan ṣoṣo fún ènìyàn pé òun ni yóò gbé ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yálà wọ́n ti fi àlékún púpọ̀ bò ó ni, tàbí wọn yóò padà wá bèèrè owó nígbà tí ọkọ̀ bá ti há sí èbúté.

Ẹ̀sùn tí mo fẹ́ fi kàn wọ́n wá kàn báyìí. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ọkọ̀ àti ìwé táítù rẹ̀ wà níwájú àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ ó kéré tán wákàtí 72 kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e kúrò. Ọkọ̀ mi ti dé èbúté New Jersey, ṣùgbọ́n ìwé táítù rẹ̀ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ dílà tí ó ni láísẹ́ǹsì, nítorí pé ẹni tí ó yẹ kí ó fi í ránṣẹ́ lọ fún ìsinmi. Ọkọ̀ ojú omi tí ó yẹ kí ó gbé e lọ fi í sílẹ̀. Owó ìdúró bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lójoojúmọ́, ní dọ́là, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà sì gbé ìwé ìṣirò tuntun wá, wọ́n ti fi owó náà kún tèmi pẹ̀lú orúkọ kan tí kò yéni, wọ́n pè é ní owó ètò ìwé. Mo kọ̀wé sí wọn, mo sì tọ́ka sí ìlà tí ó wà nínú àdéhùn wa pé dídarí ìwé wà lára iṣẹ́ wọn. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ pè mí, tí ó ní àwọn yóò san ìdajì. N kò gbà, nítorí pé kò sí ìdajì ẹ̀bi tí ó jẹ́ tèmi nínú dúrọ́ọ̀ ẹni tí n kò mọ̀ rí. Níkẹyìn wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó gba àríyànjiyàn tó bẹ́ẹ̀, àti pé oníbàárà tí kì í ka ìwé ìṣirò rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ yóò ti san án láìmọ̀. Èyí ni ó ba orúkọ wọn jẹ́ lójú mi, nítorí pé gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní gbangba.

Ní Èkó, ejẹ́ńtì tiwọn ni ó gba ọkọ̀ náà jáde ní Tin Can. Ó yára, dẹ́múréèjì, ìyẹn owó ìtanràn ẹrù tí ó pẹ́ ní èbúté, kò sì gun orí ọkọ̀ náà, èyí tí ó jẹ́ nǹkan ìdùnnú. Ṣùgbọ́n jáàkì àti táyà ìpamọ́ tí ó wà nínú àwòrán ilé gbànjo kò sí nínú bùútù mọ́. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tí wọ́n ti sọnù láàárín New Jersey àti Apapa. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé kò sí nínú ohun tí àwọn ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún, òótọ́ sì ni pé ó wà nínú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Mo ra òmíràn ní Ládípọ̀.

Mo mú mẹkáníìkì mi lọ kí n tó fọwọ́ sí ìwé pé mo ti gba ọkọ̀. Ọ̀nà tí ó gbà yẹ̀ ẹ́ wò yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Kò kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wọlé, ó fa bẹ́líìtì ìjókòó awakọ̀ jáde títí tí kò fi ṣeé fà mọ́, ó sì fi ìka tẹ̀lé aṣọ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wá ìlà ẹrẹ̀ tí omi máa ń fi sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fọ̀ dé. Ó tẹ̀ sísàlẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo irin tí ìjókòó ń gbà sún síwájú sẹ́yìn, ó gbé etí kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo bóòtù tí ó di ilẹ̀kùn mọ́ ara ọkọ̀ bóyá sípánà ti kàn án rí. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ó tó so skánà rẹ̀ mọ́ abẹ́ sítíárìn, tí ó sì ní kí a wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà tí ó jìn díẹ̀. "Ọ̀gá, omi kò wọ ọkọ̀ yìí rí," ni ó wí nígbà tí a padà dé, "báńpà ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n fọwọ́ kàn." Ohun tí ìwé àyẹ̀wò ilé gbànjo ti sọ láti ọ̀nà jíjìn ni ó tún sọ, mo sì rí i pé owó tí a san fún àyẹ̀wò náà kò ṣòfò. Ó bá mi pààrọ̀ òróró jíà, ó ní a kò gbọ́dọ̀ fi èyí tí kì í ṣe ti CVT sí i.

Bí mo bá kó gbogbo owó náà jọ, láti orí iye tí wọ́n lu ọkọ̀ títí dé owó nọ́ńbà àti ìwé ọkọ̀, ohun tí mo ná fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà dín sí iye tí wọ́n ń pe Corolla ọdún kan náà, tí ara rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ní ọgbà ọkọ̀ ní Berger àti ní Ojodu ní àsìkò náà. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì tí àwọn kan ń pariwo. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Dílà tí ó wà ní Berger ń kó ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú kọ̀nténà kan, owó ìgbéwọlé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń tipa bẹ́ẹ̀ dín kù fún un, nígbà tí ẹni tí ó ra ẹyọ kan ń san owó àyè rẹ̀ ní kíkún. Díẹ̀ nínú èrè tí a kò fún dílà ni ó ń bá ọ̀nà yìí lọ. Dílà tún máa ń gbà kí ènìyàn ṣílẹ̀kùn, kí ó tan ẹ́ńjìnì, kí ó mú mẹkáníìkì rẹ̀ wá, kí ó sì gbé ọkọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà gbànjo ń fẹ́ oṣù mélòó kan, owó tí ó wà nílẹ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ, àti ọkàn tí ó lè fara da kí dọ́là máa gòkè nígbà tí ọkọ̀ wà lójú omi. Ẹni tí ó nílò ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí láti máa gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tàbí ẹni tí ó yá owó tí yóò máa san èlé lé lórí, kí ó lọ sí Berger pẹ̀lú mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́.

Fún ẹni tí ó lè dúró, ilé-iṣẹ́ yìí yẹ ní lílò, mo sì ti júwe wọn fún àbúrò mi tí ó ń wá Highlander. Mo sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ ohun méjì sínú àdéhùn kí ó tó sanwó: pé àwọn kò ní gbé ọkọ̀ lọ sí èbúté Amẹ́ríkà kí ìwé táítù tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, àti pé owó ìdúró èyíkéyìí tí ó bá ti ọ̀dọ̀ dílà wọn wá jẹ́ tiwọn láti san. Wọ́n ti gba ti àkọ́kọ́. Lórí èkejì, wọ́n ní àwọn ṣì ń bá dílà lọ́hùn-ún sọ ọ́, kò sì tíì san owó ìdánilójú kankan fún wọn.